Fífi ìnira kékeré kọ́ ọkàn ní ìfaradà: kí là ń ṣe gan-an, báwo ló sì ṣe yẹ kó pọ̀ tó?

Akẹ́kọ̀ọ́Jẹ́jẹ́ (Ìbàdàn)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ọ̀rọ̀ ìfaradà ni mo gbé wá. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ pé kéèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ wá ìnira: kó fi omi tútù wẹ̀, kó gbààwẹ̀, kó máa jí laago mẹ́rin, pé ọkàn á yi, pé kò ní máa tètè juwọ́ sílẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ iye. Báwo lomi yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó? Ìṣẹ́jú mélòó? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Kí lèèyàn máa rí táá fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, kí ló sì máa rí táá fi mọ̀ pé ó ti tó àsìkò láti dúró? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n dénú ni kó dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ ìwúrí ti kún etí mi.

Kọ́ọ̀ṣì_Olúmọ (Abẹ́òkúta)

Ẹ káàbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lọ́kàn pé bí ìnira bá ṣe pọ̀ tó lèrè rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ohun tó ń kọ́ ọkàn ni ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ara fi ń pàrọwà fún yín pé kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, tẹ́ ò sì dá a lóhùn títí tẹ́ ẹ fi débi tẹ́ ẹ ti fi ààlà sí. Bí ìṣẹ́jú yẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹ kàn ń wẹ̀ ni. Bó bá sì ju agbára yín lọ, ẹ ò kọ́ nǹkan kan, ẹ kàn yè bọ́ ni.

Òdiwọ̀n tá a máa ń lò fáwọn tó ń sáré kò le: láti òdo dé mẹ́wàá. Òdo ni ìrọ̀gbọ̀kú orí bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́wàá ni ohun tẹ́ ò lè fara dà fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí i. Márùn-ún sí mẹ́fà ni kẹ́ ẹ máa wá. Bó bá ti kọjá méje, ẹ dín in kù nígbà tó ń bọ̀.

Ààlà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí aago tàbí kíkà lè sọ: ìṣẹ́jú méjì, dída ife omi tútù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sára, gígun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ má fi "títí yóò fi sú mi" ṣe ààlà, torí ọjọ́ tínú bá ń bí yín, wéré ló máa sú yín. Ọjọ́ tó bá rọrùn ńkọ́? Ẹ dúró síbi ààlà kan náà. Ẹni tó ń fi kún un lọ́jọ́ tó bá dùn mọ́ ọn náà ló máa bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá korò, torí bó ṣe ń ṣe é ló ṣì ń pàṣẹ fún un.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ kan ó máa wà láàárín. Irú ìnira kan ṣoṣo ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kẹ́ ẹ tó mú òmíràn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ omi tútù, ààwẹ̀ àti ìjí aago mẹ́rin lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan náà kì í bá Mọ́ńdè kejì níbẹ̀.

Ẹnjiníà_Omi (Èkó)

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ lórí omi tútù: omi ẹ̀rọ Èkó kì í ṣe omi tútù. Èyí tó wà nínú táǹkì orí òrùlé kì í sábà wálẹ̀ ju dígírì 26 tàbí 27 lọ, tó bá sì di ọ̀sán, ńṣe ló ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà táwọn ará Yúróòpù bá ń sọ̀rọ̀ omi tútù, dígírì 15 lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Torí náà, ẹni tó bá dúró sábẹ́ ṣáwà l'Ékòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ní òun ń kọ́ ìfaradà, ìmọ́tótó ló ń ṣe, a kú iṣẹ́.

Yìnyín ló máa yanjú rẹ̀. Ẹ bu lítà 15 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ká sọ pé omi náà wà ní 27. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ bí ìdajì lítà. Méjì tó dì gbagidi á mú omi yẹn wá sí nǹkan bí 20. Mẹ́rin á mú un wá sí nǹkan bí 15. Mẹ́fà á gbé e dé nǹkan bíi 9.

Ẹ ya ọ̀rá rẹ̀ dà nù, ẹ fọ́ yìnyín náà wẹ́wẹ́, ẹ máa rò ó títí táá fi yọ́ tán. Tẹ́ ẹ bá jù ú sínú omi tòun tọ̀rá, kò ní tètè yọ́, ẹ ó rò pé ẹ wà ní 15 nígbà tí omi ṣì wà ní 22. Ẹ ra tẹmómítà tí wọ́n fi ń wọn ooru oúnjẹ, kò wọ́n. Àwọn tó wà lápá Ọ̀yọ́ tàbí Ṣakí kò nílò gbogbo èyí lásìkò ọyẹ́. Kí wọ́n gbé omi síta mọ́jú nínú ohun tó ṣí sílẹ̀, àárọ̀ á dáhùn.

Nọ́ọ̀sì_Ṣàgámù

Kí ẹnikẹ́ni tó di píọ̀ wọ́tà sínú fírísà, ẹ ka èyí.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS tàbí SC kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi yìnyín. Òtútù máa ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, àwọn ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé á há sínú rẹ̀, ìrora á sì bẹ̀rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan náà wà fún ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, aboyún, ẹni tó ní wárápá, àti ẹni tí òtútù máa ń ru ikọ́ fée rẹ̀ sókè. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù kì í sábà dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra fún eré àsápajúdé nínú oòrùn láìmu omi. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀jẹ̀ tóun ní, kó lọ ṣàyẹ̀wò ná.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá: bí omi tútù bá kan awọ lójijì, èémí á já wọlé láìgbàṣẹ, àyà á máa lù kìkì, èèyàn á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Iṣẹ́ gan-an wà níbẹ̀rẹ̀. Torí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹsẹ̀: ife méjì sí ẹsẹ̀, méjì sí itan, méjì sí apá, kẹ́ ẹ tó wá sí àyà àti ẹ̀yìn. Orí ló kẹ́yìn. Bẹ́ ẹ ṣe ń da ti àyà, ẹ máa mí SÓDE pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Ẹ má di èémí sínú. Kíkà mẹ́rin fún mímí wọlé, kíkà mẹ́fà fún mímí jáde. Bí mímí yín bá padà sórí kíkà yẹn nígbà tí omi ṣì ń dà lé yín lára, ohun tẹ́ ẹ wá ṣe nìyẹn.

Dígírì 20 fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí 15. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo 9 tí Ẹnjiníà kọ síbẹ̀ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ fi kọ́ ọkàn yín tí 15 ò ní fi kọ́ ọ.

Ṣọlá_ara_líle

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀nà mímí Wim Hof, ọkùnrin ará Netherlands yẹn, ńkọ́? Kéèyàn mí sínú mí sóde kíákíá bí ọgbọ̀n ìgbà kó tó wọnú omi. Wọ́n ní kì í jẹ́ kéèyàn mọ òtútù lára.

Nọ́ọ̀sì_Ṣàgámù

@Ṣọlá, ẹ má ṣe é nínú omi tàbí létí omi láyé yín. Mímí kíákíá bẹ́ẹ̀ máa ń lé carbon dioxide jáde nínú ẹ̀jẹ̀, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí yẹn ló sì ń rán ara létí pé ó yẹ kó mí. Bó bá ti lọ sílẹ̀, ìránnilétí á pẹ́ kó tó dé. Ọ́síjìn á tán kí ara tó kígbe, èèyàn á dákú láìmọ̀, tó bá sì jẹ́ inú omi ló wà, ó ti rì nìyẹn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ àtàwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà rẹ̀ máa ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe é nínú omi. Wọ́n ní kéèyàn jókòó sórí àga tàbí kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní kó tó ṣe é.

Ọmọ_Mushin

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ìyà tó ń jẹ wá ní Nàìjíríà ò tíì tó ni? Kò síná, epo wọ́n, èèyàn á jókòó wákàtí mẹ́ta nínú gọ́sìlóò láti Mile 2 dé Ọ̀ṣòdì, ẹ tún ní ká lọ ra yìnyín fi wẹ̀. Tó bá jẹ́ ìnira ló ń kọ́ọ̀yàn ní ìfaradà, ó yẹ kí gbogbo ọmọ Èkó ti di àpáta báyìí 😂

Olùkọ́_Ìrònú (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ìbéèrè bọ̀dá yìí ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tá a ti sọ.

Lọ́dún 1967, Martin Seligman àti Steven Maier, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi ajá ṣe ìdánwò kan tó gbajúmọ̀ dòní. Wọ́n ń fi iná mànàmáná ta àwọn ajá. Ọ̀wọ́ kan lè fi orí ti pákó kan kí iná náà dá. Ọ̀wọ́ kejì ń gba iye iná kan náà, fún àkókò kan náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ síbi tó jẹ́ pé fífo ìdènà kékeré kan ló máa gbà wọ́n, àwọn ti ọ̀wọ́ kìíní fò ó. Ọ̀pọ̀ nínú ti ọ̀wọ́ kejì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ń ké. Ìyà kan náà ni wọ́n jẹ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn kan ní ọwọ́ nínú òpin rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ní 2016, àwọn méjèèjì tún padà wá sọ pé àwọn ti túmọ̀ rẹ̀ sódì tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìdùbúlẹ̀ yẹn kọ́ ni ajá kọ́, òun ni ọpọlọ máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ìyà bá pẹ́ lórí ẹni. Ohun tí à ń kọ́ ni pé ọwọ́ ẹni lè ká a. Bí ọpọlọ bá ti rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń dènà ìdùbúlẹ̀ náà nígbà míì.

Ìdí nìyẹn tí gọ́sìlóò ò fi sọ ọmọ Èkó di àpáta. Ẹ ò yàn án, ẹ ò mọ ìgbà tó máa tán, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ ṣe tó dá a dúró. Ẹ wo ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀ náà: ọjọ́ 21, fèrè ìdájí, ìyan lórí pápá. Àwọn kan ń ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú okun, àwọn kan ò mú nǹkan kan bọ̀ ju ikọ́ lọ. Ẹni tó fi ọkàn yan nǹkan kan níbẹ̀ (ẹgbẹ́ tó ń yan níwájú gómìnà, iṣẹ́ ìdáná, gígun okùn) ló sábà máa ń rí nǹkan mú bọ̀.

Gọ́sìlóò ṣeé lò, bó bá jẹ́ pé ẹ gé apá kan nínú rẹ̀ tẹ́ ẹ sọ ọ́ di tiyín. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ẹ wo aago: ìṣẹ́jú 20, kò sí fóònù, kò sí etígbọ́, kò sí ìkùnsínú pẹ̀lú ẹni ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó sú yín. Bí 20 bá pé, ẹ gbé fóònù yín. Ẹni tó ń wakọ̀ kò sí nínú èyí o, kó máa wo ọ̀nà.

Ọmọ_Mushin

Ó dáa, ẹ ti mú mi. Ìṣẹ́jú 20 láìfọwọ́ kan fóònù le ju yìnyín lọ.

Kọ́ọ̀ṣì_Olúmọ

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ẹni tó bá ti fi omi tútù, àtẹ̀gùn àti sáré kọ́ ara rẹ̀, ìgbà míì tí wàhálà bá dé, irú wàhálà yòówù kó jẹ́, ó ti ní i nínú. Ọkàn kan náà ni.

Olùkọ́_Ìrònú

Ẹ má bínú sí mi, kọ́ọ̀ṣì, ibí yìí ni mo ti máa tako yín. Ìdajì rẹ̀ lòótọ́.

Mike Tipton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Portsmouth ti wádìí bí ara ṣe ń mọ́ omi tútù. Wíwọnú omi tútù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí mẹ́fà péré, lè dín ìjáyà èémí yẹn kù dé bí ìdajì, apá kan nínú rẹ̀ sì ṣì wà lára lẹ́yìn oṣù 14. Èyí dára, àmọ́ ẹ wo ohun tó ń sọ: ara ti mọ́ omi tútù. Kò sọ pé ẹ ti lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yìnyín pọ̀ tí wọn ò lè sọ fún ìyàwó wọn pé owó ti tán.

Ohun tó ń bá èèyàn lọ láti ibì kan dé ibòmíràn ni ọgbọ́n tó lò: bó ṣe ń mí, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀, bó ṣe ń pa ààlà mọ́. Ọgbọ́n yẹn náà kò ní dá rìn, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gbé e lọ. Ètò tí Donald Meichenbaum, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé kalẹ̀ ní Kánádà tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ìdààmú ṣe ń bá yín jà, ìyẹn ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti ń mú yín lára. Lẹ́yìn náà ẹ kọ́ ọgbọ́n rẹ̀ níbi tí kò séwu. Ẹ wá gbé e lọ síbi ìdààmú gan-an, láti èyí tó kéré sí èyí tó tóbi. Ìpele kẹta ni ọ̀pọ̀ kì í dé. Inú ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí.

Torí náà, bó bá jẹ́ ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù èèyàn ni ìṣòro yín, ẹ ní láti ṣe ìtìjú fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ohun mẹ́jọ sílẹ̀, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti òdo dé ọgọ́rùn-ún, bó bá ṣe ń bà yín lẹ́rù tó, ẹ tò wọ́n. Àpẹẹrẹ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ láwùjọ:

Kíkí ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí nínú danfo, 20. Dídúnàádúrà lọ́jà títí dé ìdajì iye tí wọ́n pè, kẹ́ ẹ sì lọ láìrà á, 30. Bíbéèrè ohun tí kò yé yín lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ báńkì lẹ́ẹ̀mejì, 35. Títún àṣìṣe ẹlẹgbẹ́ ẹni ṣe níbi iṣẹ́, ní kọ̀rọ̀, 50. Bíbéèrè ìbéèrè kan nínú ìpàdé, 60. Sísọ pé "rárá, n kò ní lè ṣe é" fún ẹ̀gbọ́n tó ń yáwó, 70. Gbígbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ẹbí, 75. Sísọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láìka ìwé, 90.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 30 tàbí 35. Èyí tó jẹ́ 20 kò ní kọ́ yín ní nǹkan púpọ̀, 90 sì lè lé yín padà sílé. Ẹ ṣe ọ̀kan náà léraléra títí nọ́ńbà rẹ̀ á fi já sí ìdajì kẹ́ ẹ tó gun èyí tó kàn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni sísá kúrò nígbà tí ìbẹ̀rù wà lókè téńté. Bẹ́ ẹ bá sá níbẹ̀, ara á balẹ̀ wìì, ọpọlọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé sísá ló gbà yín. Ìgbà míì, á tètè ní kẹ́ ẹ sá. Ẹ dúró títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà kó jẹ́ díẹ̀. Èkejì ni àwọn ohun ìfarapamọ́: fóònù lọ́wọ́, awò dúdú lójú, àwàdà tí ò tó àkókò, ọ̀rẹ́ tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá lò wọ́n, wọ́n á gba ìyìn náà lọ, ọpọlọ á sọ pé awò ló jẹ́ kẹ́ ẹ yege.

Kọ́ọ̀ṣì_Olúmọ

Mo gbà, mo sì fọwọ́ sí i. Àmọ́ ẹ má fi sáré ṣeré o 😀

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tá a wà ní ìlú ọba, torí tiwa yàtọ̀ sí ti Ẹnjiníà. Omi ẹ̀rọ London nígbà òtútù lè wà láàárín dígírì 5 sí 10 láìsí yìnyín kankan, nígbà ẹ̀rùn ó lè tó 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní July tó ń bá a lọ dé December, omi á máa tutù sí i fún un láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní January ló máa ń já sílẹ̀.

Wẹ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bó o ṣe máa ń wẹ̀ ẹ́, kó o yí i sí tútù ní ìparí: ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ́sẹ̀ kìíní, 30 lọ́sẹ̀ kejì, kó máa lọ títí dé ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, má máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ìdíyelé pẹ̀lú ara ni yíyí díẹ̀díẹ̀.

Odò àti adágún ńkọ́? Ẹ má dá lọ. Ibi tí wọ́n ń ṣọ́, bíi Tooting Bec Lido tàbí Parliament Hill Lido, ló dára fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ rọra fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹ má bẹ́ sínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣubú sínú omi tútù láìròtẹ́lẹ̀, RNLI, àwọn tó ń gba ẹ̀mí là létí òkun níbí, ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fẹ̀yìn léfòó títí èémí á fi balẹ̀, kẹ́ ẹ tó lúwẹ̀ẹ́ tàbí kígbe.

Ohun tó ń dẹrù bà mí jù lẹ́yìn omi ni: tẹ́ ẹ bá ti jáde, inú ara ṣì máa ń tutù sí i fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 30, torí òtútù tó ti mú awọ ara ṣì ń wọnú lọ. Ìgbà yẹn ni èèyàn máa ń gbọ̀n. Ẹ nu ara, ẹ wọṣọ kíá, ti òkè ara ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀, ẹ mu tíì. Ẹ má sáré lọ sábẹ́ ṣáwà gbígbóná, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kéèyàn ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Ẹ to aṣọ yín sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọmi, torí ọwọ́ ò ní lè di bọ́tìnnì. Ẹ má wakọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń gbọ̀n.

Fẹ́mi_Gíímù

Ẹ dákun, ẹni tó bá ń gbé irin, ṣé kó wọ omi yìnyín lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ṣe é.

Kọ́ọ̀ṣì_Olúmọ

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí iṣan tóbi, rárá. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 fi hàn pé àwọn tó ń wọ omi tútù lẹ́yìn irin gbígbé fún ọ̀sẹ̀ 12 kò rí iṣan àti agbára tó àwọn tó rọra gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́ dípò rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó ní ìdíje lọ́tùn-únla ń wá kí ara má ro òun, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ gbé omi tútù yín lọ sí àárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ò gbé irin.

Lórí eré sísá: ìnira ara wà ní oríṣi méjì, ẹ má sì pa wọ́n pọ̀. Èyí tó ń jó nínú iṣan, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń rọlẹ̀ tẹ́ ẹ bá dẹwọ́, ẹ lè máa bá a lọ. Èyí tó ń gún ní ojú kan, ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń mú yín tiro, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ìfaradà ò sí níbẹ̀. Àyà dídùn, òòyì, ojú ṣíṣú, ẹ jókòó, ẹ wá dókítà.

Ooru náà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún àwa tá a wà nílé. Ọjọ́ 7 sí 14 ni ara fi ń mọ́ eré nínú ooru: òógùn á tètè bẹ̀rẹ̀, á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú rẹ̀ á dín kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti ìrìn kíákíá laago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, yálà ó ń làágùn tàbí kò làágùn mọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ ilé ìwòsàn.

Alfa_Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ebi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe ààwẹ̀ Ramadan ní eré ìdárayá ọkàn, ẹ rọra o, ìjọsìn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ara rẹ̀ ní ebi, ètò tó wà nílẹ̀ láti ayébáyé dára: ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè tí àwa Mùsùlùmí máa ń gbà ní ìfínnúfíndọ̀. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin tí ẹnikẹ́ni ò lè sún, ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín. Ààlà tí kọ́ọ̀ṣì ń sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ má fo sààrì. Ẹ jẹ oúnjẹ tó máa pẹ́ nínú, ẹ̀wà tàbí ẹyin pẹ̀lú búrẹ́dì, ẹ mu omi dáadáa. Níbi ìṣínu, omi àti dàbínù díẹ̀, ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tó jẹun gidi. Ẹni tó bá ń ṣínu pẹ̀lú iyán ńlá àti àkàrà ogún, ebi tó fi gbogbo ọ̀sán kọ́ ti lọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó máa ń le jù kì í tiẹ̀ ṣe ebi, ìbínú aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ ṣọ́ ẹnu yín nígbà yẹn, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọgbẹ́ inú, tàbí tó ń lo oògùn lọ́sàn-án, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹni tí oúnjẹ ti di ìjà fún, tó ń fi ebi jẹ ara rẹ̀ níyà, kó má ṣe é rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́Jẹ́jẹ́

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo ti kó o jọ. Ètò tí mo ṣe rèé, ẹ bá mi wò ó:

Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè, Fúráìdeè: ìjí aago mẹ́rin, omi dígírì 15 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà eré ìṣẹ́jú 30. Tiúsìdeè àti Tọ́sìdeè: ìbéèrè kan nínú ìpàdé. Sátidé: ìṣẹ́jú 20 láìsí fóònù. Màá máa gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp káwọn èèyàn lè ràn mí lọ́wọ́. Kí ni mo máa fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Kọ́ọ̀ṣì_Olúmọ

Nǹkan márùn-ún lẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ aago mẹ́rin kúrò kíá. Bẹ́ ẹ bá ń sùn láago méjìlá tẹ́ ẹ sì jí ní mẹ́rin, oorun lẹ̀ ń jẹ gbèsè, ẹni tí kò sùn kì í ní ìfaradà rárá, gbogbo nǹkan ló ń bí i nínú. Wákàtí méje ó kéré tán. Ẹ yọ eré náà. Ẹ mú omi tàbí ìpàdé, ọ̀kan nínú méjèèjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Olùkọ́_Ìrònú

Bó bá jẹ́ pé ìpàdé ló ń dà yín láàmú, ẹ mú ìpàdé. Ẹ kọ gbólóhùn kan sí iwájú ìwé yín, irú èyí tí Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣèwádìí lé lórí: "Bí ọ̀gá bá ti ní 'ṣé ìbéèrè wà?', màá nawọ́ kí n tó ronú." Ó gbọ́dọ̀ ní ìgbà tó máa ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ọwọ́ máa ṣe. "Màá jẹ́ onígboyà" kò ṣeé lò.

Ẹ fi WhatsApp sílẹ̀. Ìyìn máa ń dé kí iṣẹ́ tó parí, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ẹ ó máa ṣe é nítorí àwọn tó ń wò ó. Ìwé kékeré kan ti tó, òpó mẹ́ta: bí mo ṣe rò pé ó máa le tó (0 sí 10), bó ṣe le tó ní òkè téńté, àti iye ìṣẹ́jú tó gbà kó tó rọlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà òpó kìíní sábà máa ń ju ti èkejì lọ, 8 níbi, 5 lọ́hùn-ún. Òpó kẹta lẹ máa ṣọ́. Bí ìṣẹ́jú rẹ̀ bá ń dín kù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Bí òpó kejì bá ń ga sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, ẹ ti gbé e ga jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí àkàbà ìsàlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Jẹ́jẹ́

Ó yé mi, sà. Ìpàdé ni mo mú. Bí mo bá pàdánù ọjọ́ kan ńkọ́, ṣé kí n ṣe méjì lọ́jọ́ kejì?

Olùkọ́_Ìrònú

Rárá o. Ẹ kọ "n kò ṣe é" síbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe ti ọjọ́ tó kàn bó ṣe wà. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di gbèsè, ìyà ló máa dà.

Ẹnjiníà_Omi

Ẹni tó bá mú omi ní tirẹ̀, ẹ rántí o: ẹ fi tẹmómítà wọn omi náà LẸ́YÌN tí yìnyín bá ti yọ́ tán. Kẹ́ ẹ sì fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kẹ́ ẹ tó dá a padà sí ilé ìdáná, àwọn ìyàwó ilé ti ń fi mí sùn.